Àlejò Yàrá Kẹta

Orúkọ tí Bàbá Abọ́dúndé kọ sínú ìwé àlejò kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Oyèédìran ló kọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ti ń gbé Kàdúná láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, àti nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé e wọ Èkó, orúkọ yẹn ló ń pè sábẹ́ ahọ́n bí ọmọ iléèwé tó ń há àkọ́sórí.

Obìnrin tó ni ilé dúró sí òdìkejì tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Motọ́lání ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí Motọ́ ni gbogbo àdúgbò náà ní Àgùdà ń pè é. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló sọ di ilé àlejò: yàrá mẹ́rin péré, ibùsùn mímọ́, àti oúnjẹ àárọ̀ lórí tábìlì kan ṣoṣo tí gbogbo àlejò jọ ń jókòó sí bí ọmọ ìyá. Òdòdó wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ fèrèsé ń ta òórùn ọṣẹ. Ilé tó tu èèyàn lára ni, ìtura náà gan-an ló sì ń dẹ́rù ba bàbá náà.

"Yàrá kẹta lẹ ní ẹ fẹ́," ni Àǹtí Motọ́ wí. "Ọmọ tó bá yín gba yàrá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù. Ṣé ẹ ti wọ̀ síbí rí ni, sà?"

"Rárá. Ọmọ wa kan ló ti wọ̀ síbẹ̀. Ayọ̀miídé."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó pa ìwé dé jẹ́jẹ́, ó sì yí tábìlì po wá síwájú rẹ̀. Kò tíì kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó jẹ́ sí olóògbé ná.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni mí."

Ìgbà yẹn ló tó mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú àmúmọ́ra, ó ṣàdúrà pé Ọlọ́run yóò dá àwọn tó kù sí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àyà òun ti já, òun ti rò pé bàbá ọmọ náà ló wá.

Bàbá Abọ́dúndé mọ ìdí tí àyà rẹ̀ fi já. Nílẹ̀ Yorùbá, òbí kì í rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó bá kú mọ́ òbí lójú, ibi tó bá kú sí ni wọ́n ń sin ín sí, kíákíá, láìsí ariwo, wọn kì í sì í fi ọ̀nà ibẹ̀ han ìyá tàbí bàbá títí ayé. Akínọlá, àbúrò Bàbá Abọ́dúndé, ló wá sí Èkó lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn tó ṣe gbogbo rẹ̀. Àǹtí Motọ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí itẹ́ òkú ní Yàbá lọ́jọ́ náà. Kí Akínọlá tó padà sílé, ó mú kí obìnrin náà búra pé bí bàbá ọmọ bá fẹsẹ̀ rẹ̀ wá, òun kò ní mú un débẹ̀. Akínọlá ló sọ ìbúra yìí fún un nílé, ẹnu rẹ̀ sì já sí yàrá kẹta, àmọ́ kò dárúkọ ilé náà.

Bàbá Abọ́dúndé kò bá àṣà jà. Nígbà tí ọmọ Làmídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, òun gan-an wà lára àwọn tó di Làmídì lápá méjèèjì kó má baà tẹ̀ lé pósí. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ló fẹ́ ti sọ ọ́. Nítorí náà ló ṣe purọ́ fún Akínọlá pé òun ń lọ ṣàyẹ̀wò ojú ní Ìbàdàn, tó sì wá jókòó sílé onílé pẹ̀lú orúkọ olórúkọ.

Ó ní kí Àǹtí Motọ́ jọ̀wọ́, kó mú òun lọ sí ibojì. Obìnrin náà gbà. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ bó bá di àárọ̀ Sátidé, tí àwọn bá ti jẹun tán, àwọn á jọ lọ. Bàbá náà dúpẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá kẹta, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó láìṣí fìlà sétí ibùsùn tí ọmọ rẹ̀ ti sùn.

Níbi tó jókòó sí yẹn ni fóònù rẹ̀ ti dún. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọlará, ọmọ aládùúgbò rẹ̀, ló bá a yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá nítorí etí rẹ̀ tó ti ń wúwo, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i wálẹ̀. Akínọlá ló ń pè, ó fẹ́ mọ ohun tí dókítà ojú wí. Bàbá Abọ́dúndé tún parọ́ fún un, ó sì pa fóònù sínú àpò.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá obìnrin kan nídìí tábìlì oúnjẹ. Mabel lorúkọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, láti Wàrí ló ti wá ṣe ìdánwò iṣẹ́. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ó sì ti di ọmọ ilé. Ó kí bàbá náà pẹ̀lú Yorùbá tó ń ṣẹ́ lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Fóònù yín lánàá, ah ah. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ bú."

Àǹtí Motọ́ bá a wí, ó ní kó fi bàbá sílẹ̀, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹyin díndín kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó po tíì fún bàbá náà fúnra rẹ̀, ó sì da mílíìkì sí i láìbéèrè. Bàbá náà gbé ife, ó sì fi ọwọ́ kejì di etí tábìlì mú. Tábìlì náà kò mì. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe káfíńtà, ó sì mọ tábìlì tó yẹ kó mì. Èyí ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti là rí. Ó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ bá èèkàn igi kékeré kan, onígun mẹ́rin, tí wọ́n gún wọ inú oríkèé ẹsẹ̀ tábìlì láìlo ìṣó kankan.

Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nígbà tí ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

"Òun ló tún un ṣe," ni Àǹtí Motọ́ wí, nítorí ó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. "Kì í lè jókòó jẹ́jẹ́. Tó bá ti ọsibítù dé, tó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè jẹun, á tún máa wá ohun tó bàjẹ́ kiri ilé."

Bàbá náà béèrè irú àìsàn tó jẹ́, nítorí ikú nìkan ni wọ́n sọ fún un nílé, wọn kò sọ ọ̀nà tó gbà wá. Ó fi ohùn ẹni tó kàn ń béèrè béèrè.

Obìnrin náà sọ fún un. Kíndìnrín ni. Ó ti lé lọ́dún méjì. Abẹ́òkúta ni Ayọ̀miídé ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Èkó ló ti ń gba ìtọ́jú, yàrá kẹta ló sì máa ń gbà nígbàkigbà tó bá wá. Wọn á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, á padà wá sùn, á lọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí Bàbá Abọ́dúndé kò retí. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá ọmọ náà, orí ibùsùn ọsibítù ló wà, ìgbà àkọ́kọ́ tí àìsàn náà dá a wólẹ̀ nìyẹn. Ó dìde kí wọ́n tó ní kó dìde, ó wọ mọ́tò lọ sílé, ó sì débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú. Kò sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ní bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó, ẹrù kan ti tó o.

Ife wà lọ́wọ́ Bàbá Abọ́dúndé, kò gbé e sẹ́nu, kò gbé e sílẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ kẹta yẹn dáadáa. Àgbàlá kún fún ẹbí. Ọmọ náà wọlé, ètè rẹ̀ gbẹ, ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ nídìí rẹ̀. Òun tí í ṣe bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ tán. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tí kò wá sin ìyá rẹ̀, òun kò bí i. Akínọlá bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́.

"Bàbá, tíì yín ti tutù," ni Mabel wí. "Ẹ jẹun now. Tẹ́ ẹ bá gbẹ síbí, ilé yìí ni wọ́n máa bú."

Ó mu tíì náà tán ní ẹ̀ẹ̀kan, ó dúpẹ́, ó sì padà sínú yàrá. Ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ògì àti àkàrà ni wọ́n jẹ. Bàbá Abọ́dúndé ti wọ aṣọ òde, ó ti nu bàtà rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n dìde. Kò ju wákàtí kan lọ mọ́, yóò dé ibi tó ń lọ, yóò sọ ohun tó fẹ́ sọ, yóò sì wọ ọkọ̀ padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àǹtí Motọ́ nu ọwọ́, ó sì gbé ìwé àlejò wá sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ohun kan ń dùn mí. Kí á tó lọ, mo fẹ́ pe bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."



Àǹtí Motọ́ ṣàlàyé. Gbogbo àlejò ló ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Ayọ̀miídé kọ. Nígbà tó dákú ní yàrá kẹta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun pe nọ́mbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá bàbá òun ti gbé e. Nọ́mbà Akínọlá ló fún wọn lẹ́yìn ìyẹn.

Ìpè náà kò jẹ́ tuntun sí Bàbá Abọ́dúndé. Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni fóònù wà lọ́jọ́ náà, òun sì dúró tì í pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ó ń wo nọ́mbà Èkó tí kò mọ̀. Ó rò pé ọmọ náà ló gba nọ́mbà tuntun tó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kó dún tán, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́mbà yẹn ni Ọmọlará tẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sìnkú tán, tí orúkọ ilé àlejò yìí fi jáde.

"Mi ò rí i kà dáadáa," ni Àǹtí Motọ́ wí. "Mabel, bá mi kà á, kí n máa tẹ̀ ẹ́."

Mabel fa ìwé náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́mbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fóònù wà nínú àpò agbádá kékeré tí Bàbá Abọ́dúndé wọ̀. Ó yọ ọ́ jáde sábẹ́ tábìlì. Kò mọ bọ́tìnnì tó ń pa á láìwò ó, bó bá sì wò ó, wọ́n á rí ojú rẹ̀. Ó fi èékánná wá ẹ̀yìn fóònù. Ó le. Mabel ka nọ́mbà karùn-ún, ó ka ìkẹfà. Àǹtí Motọ́ ní kó dúró, òun ti tẹ méje dípò mẹ́rin, kí àwọn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá náà fi fóònù tì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó lè rí nǹkan fi di í mú. Ìka rẹ̀ tún bá èèkàn igi náà. Ó dúró díẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo agbára fa ẹ̀yìn fóònù ya, bátìrì sì jábọ́ sórí itan rẹ̀.

Àǹtí Motọ́ gbé fóònù sétí.

"Ó ti kú," ló wí. "Wọ́n ní wọ́n ti pa á."

"Irú bàbá wo nìyẹn?" ni Mabel béèrè. "Ó dún, kò gbé e. Ní báyìí ó tún wá pa á. Ó dáa o."

Àǹtí Motọ́ sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, sà, irú èèyàn wo ni?"

"Ó le," ni Bàbá Abọ́dúndé dáhùn.

"Ṣé ó fẹ́ràn ọmọ náà?"

Bátìrì wà nínú ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó di í mú gírígírí.

"Mi ò lè bá a dáhùn ìyẹn," ló wí.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ láti Àgùdà, wọ́n sọ̀, wọ́n tún wọ òmíràn lọ sí Yàbá. Àǹtí Motọ́ ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ìdí igi ni wọ́n sin ín sí, òòrùn kì í pa ibẹ̀. Ó ní ìlà kẹsàn-án ni látẹnu ọ̀nà kejì. Bàbá Abọ́dúndé ń ka gbogbo rẹ̀ sínú bí ẹni ń ka ìwọ̀n igi.

Lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú náà, yàrá kékeré kan wà tí ọkùnrin kan jókòó sí, ó fi tẹ̀sùbáà sọ́rùn ọwọ́. Ṣàfíù lorúkọ rẹ̀. Ó dá Àǹtí Motọ́ mọ̀, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọlé láìkọ orúkọ mọ́, ó sì yí ìwé ńlá kan sí bàbá náà. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó wá, orúkọ ẹni tó wá wò, àti ohun tó jẹ́ sí i.

Bàbá Abọ́dúndé mú bírò. Ó kọ Oyèédìran. Ìyẹn kò ṣòro, ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ Ayọ̀miídé Abọ́dúndé sínú ìlà kejì, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọ orúkọ náà láti ìgbà tí ọmọ náà ti kúrò níléèwé. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò lọ sí ìlà kẹta.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kó kọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọ̀nà ìlà kẹsàn-án ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn Ṣàfíù, bàbá náà ń wo orí igi náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣàfíù ń dúró. Mọ́tò kan fọn fèrè ní títì. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò gbọ̀n ní báyìí náà, ó kàn kọ̀ láti lọ ni.

Ó fa ìlà sórí Oyèédìran. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè rẹ̀. Nínú ìlà kẹta, ó kọ: Bàbá rẹ̀.

Ṣàfíù kà á, ó sì dìde dúró dí ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Motọ́ tẹ̀ síwájú, òun náà kà á.

"Fóònù yẹn ń bẹ lára yín láàárọ̀ yìí."

"Ó ń bẹ lára mi."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ńkọ́?"

"Mo dúró tì í. Mo ń wò ó."

Obìnrin náà mi orí. Kò pariwo. Ó ní òun ti búra fún Akínọlá. Bàbá náà ní òun mọ̀. Obìnrin náà ní kí ló dé tó fi kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé bó bá kọ orúkọ tó kọ nílé òun, àwọn ì bá ti wọlé báyìí.

"Mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan lójú èèyàn pé mi ò bí i," ni Bàbá Abọ́dúndé wí. "Mo tún fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ọ́ nílé yín. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún un."

Ṣàfíù gbé àga kan fún un, ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé kí bàbá má bínú, òun náà lọ́mọ. Bàbá Abọ́dúndé jókòó. Kò bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Motọ́: kó wọlé, kó sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin náà wọlé lọ.

Bàbá náà yọ fóònù jáde, ó fi bátìrì sí i, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi tàn, ó sì gbé e lé orí itan. Ohun tó jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yé òun gan-an. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, fìlà lórí, ọwọ́ lórí orúnkún.

Fóònù náà dún. Ó dún débi pé Ṣàfíù yí padà. Nọ́mbà Èkó ni, nọ́mbà ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bàbá Abọ́dúndé gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá," ni ohùn Àǹtí Motọ́ wí, jẹ́jẹ́. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ gbé fóònù lé ibojì, mo sì máa kúrò nítòsí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ó gbọ́ ìró ìṣísẹ̀ tó ń jìnnà. Ó gbọ́ atẹ́gùn nínú ewé igi. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó sì mọ̀ pé ó ti kan òun.

Ó ṣí fìlà. Ó gbé e lé orúnkún.

"Ayọ̀miídé," ló wí. "Mo ti gbé e. Èmi ni. Èmi ni mo bí ọ."